Abẹ̀bẹ̀ àti Ìbéèrè Mẹ́rìnlélógún

Tábìlì márùn-ún ló wà nínú yàrá òkè ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé náà, fóònù kan lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, pákó fẹ́lẹ́ kan láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì. Pákó náà ò kan àjà, kò sì kan ilẹ̀. Ẹni tó bá jókòó lè rí bàtà ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì lè gbọ́ ọ tó bá ń gbé itọ́ mì. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ò le láti ṣàlàyé. Wọ́n ń pe òbí lórí fóònù, wọ́n ń bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rìnlélógún nípa ìṣesí ọmọ wọn àti bí ọkàn ọmọ náà ṣe rí, òbí á mú ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́ta: rárá, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà gbogbo. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Bí àròpọ̀ bá kan mẹ́rìndínlógún, wọ́n á ní kí òbí mú ọmọ wá kí dókítà rí i. Bí kò bá kàn án, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á ti fáìlì, ó parí nìyẹn.

Ó parí nìyẹn, àfi tí òbí bá purọ́. Ẹ má sì jẹ́ ká tan ara wa jẹ, òbí máa ń purọ́. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn àjèjì lórí fóònù lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n ń bi í bóyá ọmọ rẹ̀ máa ń jalè tàbí bóyá ó máa ń sunkún láìnídìí, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ni kó gbèjà ilé rẹ̀. Ìyá kan á ní ọmọ òun ò bá ẹnikẹ́ni jà rí látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, nígbà tí ẹni tó pè é ń gbọ́ igbe ọmọ náà àti ìró abọ́ tó ń fọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá kan á ní kí wọ́n dúró ná, á fọwọ́ bo ẹnu fóònù, á bi ìyàwó rẹ̀ pé ọmọ ọdún mélòó tiẹ̀ ni ọmọ tí wọ́n ń wí yìí.

Nínú àwọn márààrún tó ń ṣe iṣẹ́ náà, kò sí ẹni tó lè dá irọ́ òbí mọ̀ tó obìnrin tó jókòó sí tábìlì kẹta. Abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ wà nínú rẹ́jísítà, kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ohun tó sọ ọ́ di Abẹ̀bẹ̀ ni pé bí òbí bá ń gbóná jù lórí fóònù, tó ń halẹ̀, tó ń ṣépè, òun ni wọ́n máa ń gbé e fún, yóò sì fẹ́ ẹ títí yóò fi tutù. Ní oṣù tó kọjá, káfíńtà kan fi ìbínú bi í léèrè ẹni tó sọ fún wọn pé ọmọ òun ya wèrè. Abẹ̀bẹ̀ ò jáfara.

“Bàbá, tí ọmọ yín bá ń wúkọ́, ẹ ò ní í fi pamọ́ kí aládùúgbò má gbọ́. Ẹ ó sọ fún nọ́ọ̀sì. Ikọ́ náà lèmi ń béèrè. Ó kàn jẹ́ pé ti inú ọkàn ni.”

Káfíńtà náà ní kó máa bá ìbéèrè rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì Àgbà, tó jẹ́ ọ̀gá wọn, fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn débi pé ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí páálí, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago.

Lẹ́yìn pákó ọwọ́ òsì Abẹ̀bẹ̀, ní tábìlì kejì, Tíṣà ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ti kọ́ àwọn ọmọdé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ń ka ìbéèrè fún òbí bí ẹni tó ń pe ọ̀rọ̀ fún ọmọ kíláàsì kìíní láti kọ. Kì í fo ọ̀rọ̀ kan. Kì í kánjú. Tí òbí bá fẹ́ dáhùn kó tó parí, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kà á tán,” á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kí Tíṣà tó pe ilé mẹ́jọ, Abẹ̀bẹ̀ á ti pe ogún. Ó ti há gbogbo ìbéèrè náà sórí, kì í wo fọ́ọ̀mù mọ́ àfi láti fa igi sí ìdáhùn.

“Tíṣà, ọmọ tí ẹ ń béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn á ti gbéyàwó kí ẹ tó dé nọ́ńbà kẹwàá,” ló máa ń wí.

“Tó bá gbéyàwó, màá pe ìyàwó rẹ̀,” ni Tíṣà máa ń dá a lóhùn, kò sì ní í gbójú sókè.

Àhásórí yìí ni inú Nọ́ọ̀sì Àgbà ò dùn sí. Ó ní àwọn kan nínú yàrá náà ti ń ka ìbéèrè bí ẹni ń ka nọ́ńbà ilé ara rẹ̀, wọn ò gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu wọn jáde mọ́. Ló bá ní kí wọ́n tẹ fọ́ọ̀mù tuntun. Ìbéèrè mẹ́rìnlélógún náà ni, kò sí èyí tó yí padà, ṣùgbọ́n wọ́n da ètò wọn rú. Ní Ọjọ́ Ajé, ó pè wọ́n jọ, ó ṣàlàyé, ó sì fi kún un pé ẹni tí orúkọ bá kù lọ́wọ́ rẹ̀ lórí àtòjọ àtijọ́ lè fi fọ́ọ̀mù àtijọ́ parí rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó ti pè láti ilé pé ara òun ò yá.

Ara rẹ̀ yá. Ara ọmọ rẹ̀ ni kò yá.

Ọmọbìnrin náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Jẹ́jẹ́ ni bàbá rẹ̀ ń pè é láti kékeré, nítorí pé tó bá ń rìn bọ̀ nínú ilé, èèyàn ò ní í gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí á fi dúró síwájú èèyàn. Irú ọmọ tí gbogbo olùkọ́ ń fẹ́ ni. Kì í jà, kì í pariwo, kì í sọ ìwé nù. Gbogbo ìwé èsì tí wọ́n fún un nílé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀: kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn, inú ń run Jẹ́jẹ́ láràárọ̀. Kì í run ún lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Àìkú, kì í run ún títí di ìrọ̀lẹ́. Dókítà kan fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn inú rírun, irun ló kàn. Tó bá jókòó ti iṣẹ́ àṣetiléwá, ọwọ́ rẹ̀ á gun òkè ojú, á máa fa irun ibẹ̀ tu lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì tò wọ́n sórí ìwé ní ìlà, bí ẹni tó ń kọ nọ́ńbà. Kì í sunkún. Tí wọ́n bá ní kó jáwọ́, á jáwọ́. Tí ojú bá kúrò lára rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Kí oṣù kẹta tó pé, kò sí irun kankan lókè ojú òsì rẹ̀ mọ́.

Bí Abẹ̀bẹ̀ ṣe di ayàwòrán nìyẹn. Láràárọ̀, tí ọmọ bá ti wọ yunifọ́ọ̀mù, á dúró síwájú ìyá rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, á gbé orí sókè, á di ojú. Ìyá á mú pẹ́ńsù dúdú tó fi ń ṣe ojú ara rẹ̀, á fi ya irun òkè ojú náà, fínnífínní, kó lè bá ti ọ̀tún mu. Ó mọ̀ ọ́n yà débi pé bàbá ọmọ náà, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tó sì ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan, ò fura títí di ọjọ́ kan tí ọmọ wẹ̀ jáde. Nígbà tó béèrè, Abẹ̀bẹ̀ ní ara ló ń yún un níbẹ̀, ó máa hù padà.

Kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ọmọ náà ju ara yíyún lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń fọ abọ́, kò tiẹ̀ gbèrò rẹ̀, ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún, ó ṣe àròpọ̀: mọ́kànlélógún. Ó fọ abọ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta kó tó mọ̀ pé òun ti fọ̀ ọ́.

Dókítà tó ń rí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kí ló wá dé tí kò mú ọmọ lọ? Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Nọ́ọ̀sì Àgbà máa ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, á kó fáìlì àwọn ọmọ tí àròpọ̀ wọn kan mẹ́rìndínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde, á kà wọ́n kí gbogbo wọn lè jọ pinnu ẹni tí dókítà máa kọ́kọ́ rí. Abẹ̀bẹ̀ ń fojú inú wo ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ka ti ọmọ rẹ̀, òun tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wà lára ògiri. Ìyẹn ì bá ṣeé gbé mì. Èyí tí kò ṣeé gbé mì ni ìbéèrè kan tí kò ní nọ́ńbà, tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú fọ́ọ̀mù, tó ń béèrè bóyá ohun kan yí padà nínú ilé láàárín ọdún kan sí ìsinsìnyí. Ohun kan yí padà. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni Abẹ̀bẹ̀ gba iṣẹ́ ọ̀sán kún ti àárọ̀. Ó so kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́ okùn, ó fi kọ́ ọmọ lọ́rùn, ó ní tó bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, kó ti ilẹ̀kùn, kó má ṣí i fún ẹnikẹ́ni títí òun á fi dé ní aago mẹ́fà. Ó ti ka ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni inú rírun bẹ̀rẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹlòmíràn tún un kà fún òun.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ Jẹ́jẹ́ kọ̀wé sí àwọn òbí kíláàsì kẹta pé ilé ìwòsàn máa pè wọ́n, pé kí wọ́n bu ọwọ́ lu ìwé tí wọ́n bá gbà, Abẹ̀bẹ̀ fi ìwé náà sábẹ́ àwọn àwo, ó gbà pé ó ti tán. Bàbá Jẹ́jẹ́ rí i lọ́jọ́ Sátidé. Ó bu ọwọ́ lù ú lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀, ó fún ọmọ kó dá a padà. Nọ́ńbà fóònù ìyàwó rẹ̀ ló kọ síbẹ̀.

Abẹ̀bẹ̀ mọ̀ pé ìpè náà ń bọ̀, kò kàn mọ ọjọ́. Ó sì ti mú ohun tó máa sọ sílẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù tó mọ̀ sórí, ìbéèrè mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ dá lórí ìwà dáadáa: ṣé ọmọ máa ń ṣàánú, ṣé ó máa ń gbọ́ràn. Ẹni tó bá dáhùn pé nígbà gbogbo, òdo ni wọ́n á kọ fún un. Láti ìkẹwàá lọ, ìṣòro ni gbogbo rẹ̀, rárá ló sì ń jẹ́ òdo. Nígbà gbogbo mẹ́sàn-án, rárá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á ti fáìlì Jẹ́jẹ́. Wọn ò sì ní í pe òbí rẹ̀ mọ́ títí á fi dé kíláàsì karùn-ún.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ilé mẹ́rìnlá ló kù fún un lórí àtòjọ àtijọ́, fọ́ọ̀mù àtijọ́ ló sì wà níwájú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tuntun wà nínú páálí lórí fèrèsé. Ó rí i, ó rò pé wọ́n kàn tún ti tẹ́lẹ̀ tẹ̀ ni. Kò ṣí i. Àwọn tó kù rò pé ẹnì kan ti sọ fún un, kò sì sẹ́ni tó sọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago kan lù, tí àwọn mẹ́ta yòókù ti sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun, fóònù tirẹ̀, èyí tó wà nínú báàgì, bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó gbé e.

“Ẹ káàsán mà. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ni mo ti ń pè. Mo fẹ́ bá ìyá tàbí bàbá ọmọbìnrin kan tó wà ní kíláàsì kẹta sọ̀rọ̀.”

Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbọ́ ọ, lẹ́ẹ̀kan nínú fóònù, lẹ́ẹ̀kan láti ẹ̀yìn pákó. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ pákó. Bàtà Tíṣà wà níbẹ̀, ó ń dán, wọ́n sì so okùn rẹ̀ dọ́gba.

“Tíṣà, èmi nìyí. Mo ń rí bàtà yín.”

“Mo mọ̀, mà. Ṣé àkókò yìí rọrùn fún yín láti dáhùn ìbéèrè díẹ̀?”

Òfin ni Tíṣà ń tẹ̀ lé. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbọdọ̀ béèrè nípa ọmọ ara rẹ̀, ẹlòmíràn ló gbọdọ̀ ṣe é, orí fóònù sì ni, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń bá gbogbo òbí sọ. Ó ní òun lè dúró kó bọ́ sórí àtẹ̀gùn tó bá ń fẹ́ ibi tó dákẹ́. Abẹ̀bẹ̀ rò ó pé ẹni tó bá jáde ti jẹ́wọ́ pé òun ní nǹkan tí òun ń fi pamọ́. Ó fa rẹ́jísítà sọ́dọ̀, ó mú báírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da nọ́ńbà fóònù kọ láti ìwé kan sí èkejì, kí ó lè hàn pé ọ̀rọ̀ náà ò tó nǹkan lójú òun.

“Ẹ máa kà á, sà. Mo níṣẹ́ lọ́wọ́.”

“Ìbéèrè kìíní. Ó máa ń ro ti àwọn ẹlòmíràn…”

“Nígbà gbogbo.”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n kà á tán.”

“Ẹ kà á tán, mo ti dáhùn. Ẹ ò ṣáà ní í yí i padà.”

Tíṣà kà á tán. Abẹ̀bẹ̀ ní nígbà gbogbo. Ìkejì, nígbà gbogbo. Ìkẹta, nípa bóyá ọmọ náà máa ń fún àwọn ọmọ mìíràn lára ohun tó bá ní, nígbà gbogbo. Ìbéèrè mẹ́ta yẹn bọ́ sí ibì kan náà nínú fọ́ọ̀mù méjèèjì, ohun tó sì rẹ́ Abẹ̀bẹ̀ jẹ gan-an nìyẹn. Láti ibẹ̀, kò fetí sílẹ̀ mọ́. Tíṣà á ka ìbéèrè dé ìparí, á dúró, Abẹ̀bẹ̀ á sọ tirẹ̀ láìgbé báírò kúrò nínú ìwé. Ìkẹrin, nígbà gbogbo. Ìkarùn-ún, nígbà gbogbo. Ìkẹfà, nígbà gbogbo.

Lẹ́yìn ìkẹfà, ìkeje ò wá.

Ó da nọ́ńbà kan kọ, ó da òmíràn kọ. Lẹ́yìn pákó, bàtà kan sún díẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

“Tíṣà, ṣé ẹ ti sùn ni?”

“Mà, òfin gbà mí láyè láti tún ìbéèrè kà lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ tún ìkẹrin dé ìkẹfà kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fetí sí i. Ìkẹrin. Ó máa ń ṣàròyé pé inú ń run òun tàbí pé orí ń fọ́ òun. Ìdáhùn yín ni pé nígbà gbogbo. Ìkarùn-ún. Ẹ̀rù máa ń bà á láti dá wà. Ìdáhùn yín ni pé nígbà gbogbo. Ìkẹfà. Ó máa ń fa irun ara rẹ̀ tu tàbí kó máa gé èékánná jẹ. Ìdáhùn yín ni pé nígbà gbogbo.”

Báírò dúró. Abẹ̀bẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló ti lọ sọ fún Tíṣà, pé ọkùnrin náà ń fi ọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò. Ojú rẹ̀ bá lọ sórí páálí tó wà lórí fèrèsé, ọ̀rọ̀ sì yé e.

“Fọ́ọ̀mù wo lẹ ń kà?”

“Tuntun ni, mà. Àná la bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.”

“Wọn ò sọ fún mi.”

“N ò mọ̀ pé wọn ò sọ fún yín. Ẹ lè yí ìdáhùn yín padà. Ohun tí ẹ bá wí ni mo máa kọ. Ṣé kí n pa á rẹ́?”

Òótọ́ ni Tíṣà sọ. Kò ní ẹ̀tọ́ láti bá òbí jiyàn. Tí Abẹ̀bẹ̀ bá ní rárá, rárá ló máa kọ, ì báà jẹ́ pé ó ti gbọ́ ti àkọ́kọ́. Abẹ̀bẹ̀ ti ya ẹnu láti sọ pé àṣìṣe ni, pé ètò àtijọ́ ló wà lórí òun. Gbogbo èèyàn nínú yàrá yẹn ló máa gbà á gbọ́. Wọ́n tiẹ̀ máa fi rẹ́rìn-ín fún oṣù kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra ló ti sọ òtítọ́ nípa ọmọ rẹ̀ láìmọ̀, òtítọ́ tí kò sọ fún bàbá ọmọ náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló sì kù kó gbà á padà.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó di báírò mú. Dúdú pẹ́ńsù àárọ̀ yẹn ṣì wà lára àtàǹpàkò rẹ̀, níbi tó ti fi nu ìlà tó yẹ̀ lókè ojú ọmọ. Ọjọ́ yẹn, ọmọ náà ti sọ fún un, ó sì di ojú bó ṣe ń sọ ọ́, pé kó yà á nípọn díẹ̀ nítorí pé àwọn máa sáré nínú oòrùn, tí òun bá sì làágùn, ó máa pa rẹ́.

Fóònù ò ríran. Ohun tí wọ́n bá sọ sí i nìkan ló máa ń gbọ́.

“Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ni Abẹ̀bẹ̀ wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Rárá, ẹ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ẹ padà sí ìkìíní. Ẹ kà á bí ẹ ṣe máa ń kà á, mi ò ní í já lu ọ̀rọ̀ yín mọ́.”

Ó gbọ́ tí Tíṣà fa fọ́ọ̀mù mìíràn yọ. Ó gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀, ó pa rẹ́jísítà dé, ó sì gbọ́ ìbéèrè mẹ́rìnlélógún bí ẹni tí kò gbọ́ wọn rí, bẹ́ẹ̀ ó ti kà wọ́n fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún òbí. Ó yà á lẹ́nu bí wọ́n ṣe gùn tó. Ó yà á lẹ́nu pé ìkìíní gan-an, nípa ríro ti ẹlòmíràn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: Jẹ́jẹ́ ń ro ti ẹlòmíràn débi pé kò pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù rí nírọ̀lẹ́, kó má bàa dí i lọ́wọ́. Sí àwọn kan, rárá ni ìdáhùn, Jẹ́jẹ́ kì í jalè, kì í ba nǹkan jẹ́. Sí àwọn kan, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìkọkànlá, ó ní kí Tíṣà tún un kà, Tíṣà sì tún un kà.

Wọ́n dé ìbéèrè tí kò ní nọ́ńbà. Abẹ̀bẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà, àti okùn, àti aago mẹ́fà. Ó sọ ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ní kó kọ ọ́ pé òun lòun fà á.

“Fọ́ọ̀mù ò béèrè ẹni tó fà á, mà,” ni Tíṣà wí. “Ohun tó yí padà ló béèrè. Mo ti kọ ọ́.”

Àròpọ̀ náà jẹ́ ogún. Ó ti ṣèèṣì fi ọ̀kan kún un níbi tó ti ń fọ abọ́. Tíṣà wá ka ọ̀rọ̀ ìparí fún un, ọ̀rọ̀ tí Abẹ̀bẹ̀ máa ń tú jáde lẹ́nu kan fún òbí nígbà tó bá ti ń wo orúkọ tó kàn: pé iye yìí kì í ṣe àrùn, pé ó kàn ń fi hàn pé ó yẹ kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ rí ọmọ náà, pé wọ́n máa dá ọjọ́ fún wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pé tí ọmọ bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ léṣe kí ọjọ́ náà tó pé, kí wọ́n má dúró, kí wọ́n mú un wá kíá. Ó gbọ́ ọ dé ìparí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà bí òbí ṣe ń dúpẹ́.

Àwọn méjèèjì pa fóònù. Bàtà gbéra lẹ́yìn pákó, Tíṣà sì yọ sí i pẹ̀lú ife omi kan. Nǹkan tó ń sọ fún gbogbo òbí nínú fóònù, “ẹ” àti “mà,” ó ti gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀.

“Mu ún. O ti sọ̀rọ̀ jù.”

“Ṣe lẹ dúró kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun kí ẹ tó pè mí.”

“Mo máa ń lọ́ra ni. Ìwọ náà lo máa ń sọ ọ́.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, Nọ́ọ̀sì Àgbà ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Fáìlì mọ́kànlá ló jáde. Kì í ka orúkọ, nọ́ńbà fáìlì ló ń kà, ṣùgbọ́n bó ṣe dé orí ìkẹrin, tó ní ọmọbìnrin, ọdún mẹ́jọ, ogún, inú rírun, irun òkè ojú, ó gbójú sókè díẹ̀, nítorí pé òun nìkan ló mọ orúkọ, òun àti Tíṣà. Abẹ̀bẹ̀ lè jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Ó ti pinnu lọ́nà ibi iṣẹ́ pé bẹ́ẹ̀ lòun máa ṣe.

“Tèmi ni,” ló wí.

Ọmọbìnrin tó kéré jù nínú wọn, tó wà ní tábìlì karùn-ún, ló sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ti ń fẹ́ gbogbo ayé. Ẹ gbé abẹ̀bẹ̀ yẹn wá, kí àwa náà fẹ́ yín díẹ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, Abẹ̀bẹ̀ náà sì rẹ́rìn-ín, nígbà tó sì máa mọ̀, ó ti ń nu ojú. Nọ́ọ̀sì Àgbà kọ ìkẹrin sí ipò kejì. Lẹ́yìn náà, ó ṣí ìwé iṣẹ́, ó fi báírò fa ìlà sórí orúkọ Abẹ̀bẹ̀ nínú iṣẹ́ ọ̀sán, ó kọ tirẹ̀ dípò. Ó ní kó lọ máa mú ọmọ nílé ẹ̀kọ́ ní aago méjì, pé tó bá tún di ọjọ́ mìíràn tí ara ọmọ ò bá yá, kó pè kó sọ pé ara ọmọ ni kò yá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó sọ fún bàbá Jẹ́jẹ́. Ọkùnrin náà bínú, kì í ṣe nítorí irun, nítorí oṣù márùn-ún. Ó bínú títí ó fi jẹun tán. Lẹ́yìn náà, ó ní òun máa fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè, òun máa bá wọn lọ.

Ọjọ́ náà bọ́ sí Ọjọ́rú. Láàárọ̀, Jẹ́jẹ́ wọ yunifọ́ọ̀mù, ó wá dúró lẹ́bàá fèrèsé bó ṣe máa ń ṣe, ó gbé orí sókè, ó di ojú, ó na pẹ́ńsù sí ìyá rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìdérí rẹ̀ dé e, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀.

“A ò ní í yà á lónìí.”

Ọmọ náà la ojú. “Wọ́n á rí i.”

“Ẹni tó yẹ kó rí i la fẹ́ lọ bá.”

Jẹ́jẹ́ rò ó wò. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ lọ sókè, ó dúró ní àárín ọ̀nà, ó padà sílẹ̀. Níta, bàbá rẹ̀ ti ń gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ohun tí kò ṣe rí.

“Ṣé dókítà yẹn máa bi mí ní ìbéèrè?”

“Ó máa bi ẹ́.”

“Mélòó?”

“Mi ò mọ̀,” ni Abẹ̀bẹ̀ wí, ó sì bá a tún kọ́là rẹ̀ ṣe. “Ìwọ ṣáà jẹ́ kó béèrè tán kó o tó dá a lóhùn.”